Ìyá Tó Ń Wẹ Ọmọ àti Ooru Tí Kì Í Ṣe Ooru

Ìyá Akínbíyì ti wọ bàtà, ó ti wé gèlè, ó kù kó ti ilẹ̀kùn kó máa lọ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Adédiwúrà ni, ìyá Olúdayọ̀, ọmọ tuntun tó ń lọ wẹ̀ ní Ògùdù.

"Mama, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má wulẹ̀ wá lónìí."

"Kí ló dé? Ṣé ara ọmọ wa le?"

"Ooru ojú ẹ̀ yẹn ti di egbò, mà. Ó ń ṣomi. Ara ẹ̀ sì gbóná láti àná, wọ́n ti dá wa dúró sí ọsibítù. Joanna àbúrò mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè é. Ẹ má sì fọ ìkankan nínú àwọn nǹkan tẹ́ ẹ fi ń wẹ ọmọ."

Ìyá náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló bà á lẹ́rù jù. Ta ní í sọ fún èèyàn pé kó má fọ nǹkan, bí kò ṣe ẹni tó ń wá ẹ̀rí? Ó wo ike òrí rẹ̀ lórí tábìlì, ó wo kànìnkànìn tó sá sójú fèrèsé, ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè bọ́ bàtà.

Ní Ìkọ̀sí, ẹni tí kò bá mọ Ìyá Akínbíyì, àfi kó jẹ́ pé kò bímọ síbẹ̀ rí. Ṣakí ni wọ́n bí i sí. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló gbé e wá sí Èkó, ọkọ náà sì kú sí i lọ́wọ́ nígbà tí Akínbíyì, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kò tíì ju kékeré lọ. Iṣẹ́ tó fi tọ́ ọmọ náà ni iṣẹ́ ọmọ wíwẹ̀. Ayé ti yí padà, ẹ ò rí i? Ìyá àgbà tó yẹ kó wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ, òun gan-an ń lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀, tàbí kó wà ní Kánádà, kó máa ti inú fóònù wo ọmọ-ọmọ. Àwọn ìyá ọmọ tí wọ́n kàwé rẹpẹtẹ, tí wọ́n lè wa mọ́tò láti ibí dé Ìlọrin láìmí kanlẹ̀, ẹ gbé ọmọ tuntun tó lọ́ṣẹ lára lé wọn lọ́wọ́ kẹ́ ẹ wò ó, ẹkún ni wọ́n máa bú sí. Ìyá Akínbíyì ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Bó bá ti ń kúrò nílé kan ni wọ́n á ti júwe rẹ̀ fún ilé mìíràn, láti Kétu títí dé Olówóòra.

Ó sì mọ ọmọ wẹ̀. Á gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó nà gbalaja, á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin ín, á fi ọṣẹ dúdú yọ ọ̀rá ara rẹ̀, á fi òrí ra á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á na apá, á na ẹsẹ̀, á jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àyà rẹ̀ lè ki. Bí imú ọmọ bá dí, kì í wá rọ́bà tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Ẹnu ara rẹ̀ ló máa fi bo imú ọmọ, á fa ikun náà, á tu ú dànù. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá ọmọ ti máa ń kan sáárá sí i jù. Ta ló tún lè ṣe èyí fún ọmọ ọlọ́mọ? Inú rẹ̀ á dùn, á ní, "Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn."

Àmọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo wọn. Èyí tó ń wọ̀nà fún wà nínú Tọ́pẹ́, ìyàwó Akínbíyì, lẹ́yìn oyún méjì tó ti bàjẹ́. Ìyá Tọ́pẹ́ ti kú tipẹ́, kò sí ìyá mìíràn tó máa bá a wẹ ọmọ bí kò ṣe ìyá ọkọ rẹ̀. Oyún náà ti wọ oṣù ìbí. Bí Ìyá Akínbíyì bá ń wẹ ọmọ ẹlòmíì, ó máa ń wò ó lọ́kàn pé ọ̀kan ń bọ̀ tí òun kò ní dá padà fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún yìí, ooru mú ní Kosofe bí ẹni pé òòrùn sọ̀kalẹ̀ wá gbé Mile 12. Ohun tó sì máa ń sú sí ọmọ lára lásìkò bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní ooru, ó sú sí wọn. Ó sú sí Olúdayọ̀. Ó sú sí ọmọ Bridget ní Olówóòra. Bí wọ́n bá fi hàn án, á ní kí wọ́n fi omi tútù nù ún, kí wọ́n sì bọ́ aṣọ tó nípọn lára ọmọ. "Ooru Èkó ni. Á lọ." Báyìí ló ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́.

Joanna dé pẹ̀lú kúlà kékeré lọ́wọ́. Ọmọge tín-ín-rín ni, ó kúnlẹ̀ kí ìyá dáadáa. Ìyá Akínbíyì bu omi tútù fún un. Ó dúpẹ́, ó gbé e sílẹ̀, kò mu ún. Kò sóhun tí ojú ìyá náà rí lọ́jọ́ náà tó já a láyà tó omi tí wọn ò mu yẹn.

"Mama, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú," ni Joanna wí, ó ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. "Mo fẹ́ mú díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo nǹkan lọ wò ní láàbù. Òrí yín, ọṣẹ yín, kànìnkànìn. Màá tún fi òwú nu ọwọ́ yín."

"Ọwọ́ mi mọ́ o, Aunty Joanna. Mo máa ń fọ̀ ọ́ kí n tó fọwọ́ kan ọmọ."

"Mo gbà yín gbọ́, mà. Níbo ni nǹkan yẹn ti kọ́kọ́ yọ sí Olúdayọ̀ lára?"

"Abẹ́ imú ni. Ó wá ràn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Ti ọmọ Aunty Bridget ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ní ó yọ sí òun náà."

Ìyá náà la ẹnu láti dáhùn. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ ni. "Abẹ́ imú náà ni."

Joanna mi orí. "Ooru gidi, ọrùn ló máa ń fẹ́ràn, abíyá, ẹ̀yìn, ibi tí òógùn máa ń há sí. Èyí kì í ṣe ooru, mà. Bakitíríà ni mo rò pé ó jẹ́, kòkòrò tí ojú ò lè rí. Ó ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíì. Mo fẹ́ mọ ibi tó ti ń wá ni."

Ó fi òwú nu àtẹ́lẹwọ́ ìyá náà, ó fi nu abẹ́ èékánná rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú òwú mìíràn, ó ní kí ìyá gbé orí sókè, ó fi kan inú imú rẹ̀.

"Imú kẹ̀?"

"Gbogbo ibi la máa wò, mà."

Bó ti ń di kúlà rẹ̀, Ìyá Akínbíyì di etí aṣọ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, dákun sọ òótọ́ fún mi. Olúdayọ̀ yẹn, ṣé kò ní kú?"

Joanna gbé kúlà rẹ̀ nílẹ̀. "Wọ́n ń fún un lábẹ́rẹ́, mà. Ẹ bá wa gbàdúrà."

Ó lọ. Ìyá Akínbíyì kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré tẹ́lẹ̀ pé àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní ìbẹ̀rù tó báyìí nínú. Ó ń rí ojú Olúdayọ̀. Bí ọmọ náà ṣe máa ń di ìka rẹ̀ mú nínú omi, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé ìka náà ló fi nǹkan burúkú sí i lójú ńkọ́?

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi délé dóko. Bridget kọ́kọ́ pè pé àwọn ń rìnrìn àjò. Ilé kan ní Kétu pè pé àwọn ti rí ẹlòmíì. Àwọn yòókù kò tiẹ̀ pè, wọ́n kàn ń jẹ́ kí fóònù dún títí tó fi gé. Nígbà tó lọ pọnmi nídìí borehole àdúgbò, àwọn obìnrin méjì tó ń sọ̀rọ̀ dákẹ́ lójijì. Bó ti yíjú padà, ó gbọ́ tí ọ̀kan rọra ń wí fún èkejì pé, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí..." Kò parí rẹ̀. Kí ló fẹ́ parí sí? Ta ni ò mọ ibi tí òwe náà ń lọ?

Omi dà sí ìyá náà lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Opó ni, àgbà ni, yàrá kan ló ń dá gbé, ọmọ ọlọ́mọ sì ń ṣàìsàn lẹ́yìn tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí, orúkọ burúkú kò jìnnà sí i, àwọn tó ń sọ ọ́ lórúkọ náà kì í sì í dúró de èsì láàbù kankan. Ó ti rí i rí, ní Owódé Onírin, bí wọ́n ṣe lé ìyá arúgbó kan jáde nílé pẹ̀lú òkò. Òun náà wà lára àwọn tó dúró wòran lọ́jọ́ náà, kò sọ nǹkan kan. Nísinsìnyí bí ẹsẹ̀ ọmọdé bá sáré kọjá lójú fèrèsé rẹ̀, á dìde lọ wò ó bóyá òun ti ilẹ̀kùn. Ó ra Dẹ́tọ́ọ̀lù, ó ń fi fọ ọwọ́ títí awọ ìka rẹ̀ fi ń bó.

Akínbíyì wá. Ó gbé àwo ìkọ́kọrẹ́ tí Tọ́pẹ́ sè wá, ẹ̀rín kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Mummy, dókítà ní ọmọ ti dorí kodò o! Tọ́pẹ́ ní kí n sọ fún yín pé òun ti tọ́jú bẹ́ẹ̀dì yín. Ọjọ́ tí a bá gbé ọmọ dé lẹ máa kó wá. Ó ní òun ò fẹ́ fọwọ́ kan omi ìwẹ̀, pé ọwọ́ yín ni gbogbo ẹ̀ wà."

Ìyá náà lanu. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ó tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ síbẹ̀. Àmọ́ ó wo ojú ọmọ rẹ̀, bí ìdùnnú ṣe ń tàn níbẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀," ló wí, ó sì fi ọwọ́ tó ń bó náà pamọ́ sábẹ́ ìró.

Nígbà tí Joanna padà wá, ìyá náà ti rù. Ó ń wo ojú ọmọge náà kó tó jókòó, ó ń wá ikú níbẹ̀.

"Ara Olúdayọ̀ ti ń balẹ̀, mà. Ó ti ń mu ọmú."

Ìyá Akínbíyì bú sẹ́kún. Joanna dúró kó sunkún tán kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Mo wo gbogbo ohun tí mo mú. Bakitíríà ni lóòótọ́, ohun tí mo rí lójú Olúdayọ̀ náà ni mo rí lójú ọmọ Aunty Bridget. Kò sí nínú òrí yín. Kò sí nínú ọṣẹ, kò sí lára kànìnkànìn. Kò sí lọ́wọ́ yín pẹ̀lú." Ó mí kanlẹ̀. "Imú yín ló wà, mà."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ìyá náà ti ń pa òwe yìí fún àwọn ẹlòmíì láti ìgbà èwe rẹ̀.

"Àmọ́ imú mi ò dùn mí rí," ló wí.

"Kì í dunni, mà. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe ìwà burúkú yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e kiri nímú, kò sì ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ara ọmọ tuntun ni ò lè bá a jà. Ohun tí kò yé mi ni bó ṣe ń ti imú yín dé ojú wọn, nígbà tí kò sí lọ́wọ́ yín."

Ìyá náà mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Otútù mú un láàárín ooru ọ̀sán yẹn. Kò sẹ́ni tó rí i rí bí kò ṣe àwọn ìyá ọmọ, àwọn yẹn kò sì ka irú rẹ̀ sí nǹkan burúkú. Oore ni wọ́n pè é. Bó bá dákẹ́, ọmọge yìí á kó kúlà rẹ̀, á máa lọ, á gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nípa ikọ́ tàbí sísín. Ó wo kúlà náà. Lẹ́yìn náà ló fa ìrọ̀rí rẹ̀, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń gbé ọmọ, ó tẹ̀ ba, ó fi ẹnu bò ó níbi tí imú ọmọ ìbá wà. Imú òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ mọ́ ọn pẹlẹbẹ.

"Báyìí ni mo ṣe máa ń fa ikun wọn," ló wí láìgbójú sókè.

Joanna di ojú. "Gbogbo ọmọ?"

"Gbogbo wọn."

Ọmọge náà kò bá a wí. Ó mú ìpara kékeré kan jáde, èyí tí dókítà kọ fún un, ó júwe bí wọ́n ṣe ń fi í sínú imú. Ó ní òun máa padà wá yẹ imú náà wò, títí dìgbà tí kò bá ní sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Kí ìyá má ṣe fọwọ́ kan ọmọ tuntun kankan kó tó dìgbà náà.

"Ìyàwó ọmọ mi fẹ́ bímọ," ni Ìyá Akínbíyì wí.

"Mo ti gbọ́, mà. Tiyín gan-an ni mo ń sọ. Ẹ má sún mọ́ ọn rárá."

Kò tíì lo ìpara náà ju ìdajì lọ nígbà tí Tọ́pẹ́ bí ọmọkùnrin. Ọ̀sán gangan ni. Akínbíyì sáré wá gbé ìyá rẹ̀, kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ó ń kọrin, ó ń lu ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá tí wọ́n wọ̀. Ní ilé ìgbẹ̀bí, Tọ́pẹ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ wú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó na ọmọ náà sí ìyá ọkọ rẹ̀ kí ẹlòmíì tó gbà á.

"Mummy, ọmọ yín rèé."

Ìyá Akínbíyì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Mummy, ẹ gbà á nísìn-ín!" ni Akínbíyì wí. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ó ti ń tutù. Ìyá kan tó kọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lójú èèyàn! Nọ́ọ̀sì tó ń tún aṣọ ṣe dúró, ó ń wò wọ́n. Ẹ̀rù ń ba Tọ́pẹ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyá náà ń rí i bó ṣe ń gun ojú rẹ̀, ó sì mọ ohun tí ìyàwó ilé tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì á máa rò bí ìyá ọkọ bá ṣe báyìí.

Ó wá sọ ọ́. Ó sọ ti Olúdayọ̀, ó sọ ti ọmọ Bridget, ó sọ ti imú. "Èmi ni mo kó o ràn wọ́n. Èmi ni. Ó ṣì lè wà lára mi."

Tọ́pẹ́ fa ọmọ náà mọ́ àyà kíákíá, ó yí èjìká sí i. Ó dun ìyá náà dé egungun. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Báyìí ni kó o ṣe. Má ṣe gbé e fún mi bí mo tiẹ̀ bẹ̀ ọ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe wẹ ọmọ náà: Ìyá Akínbíyì á jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà, ó da aṣọ bo imú àti ẹnu, Tọ́pẹ́ á jókòó síwájú báfù omi, ìyá náà á máa júwe fún un. "Di ọrùn ẹ̀ mú. Rárá, fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á, má fi ìka. Da omi sí i láyà díẹ̀díẹ̀." Ìgbà tí ọmọ náà yọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá náà ti dìde, ó ti dé àárín ẹnu ọ̀nà kó tó rántí. Ó dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn. Ó padà jókòó.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Akínbíyì gbé ọmọ náà wá sí ìta, ó dúró lókèèrè, ó yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. "Mummy, ẹ wò ó! Pẹ̀lú gbogbo bí ooru ṣe mú yìí, kò sí nǹkan kan lójú ẹ̀. Ẹ wo abẹ́ imú."

Ó wò ó. Ojú ọmọ náà ń dán, kò sí èérí, kò sí egbò, kò sí kókó kan ṣoṣo. Ohun tó ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i nìyẹn. Ìdùnnú kún un, ó fẹ́ yin Ọlọ́run, kò sì tíì yìn ín tán tí ẹ̀rù mìíràn fi gbé e, èyí tó ju ti borehole lọ, tó ju ti omi tí Joanna kò mu. Ojú ọmọ tí òun kò fọwọ́ kàn ló rí báyìí. Mélòó ló wà nínú àwọn tí òun fọwọ́ kàn, tí òun rẹ́rìn-ín fún àwọn ìyá wọn pé ooru Èkó ni? Ọ̀kan wà ní Kétu, ó ti pẹ́, Akínbíyì ṣì wà ní iléèwé nígbà náà. Àwọn òbí rẹ̀ ránṣẹ́ pé kó má wá mọ́, pé ọmọ ti lọ. Ibà ni wọ́n pè é. Ó sunkún ọmọ náà, ó lọ kí wọn, ìyá ọmọ náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo oore tó ṣe.

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ wọlé lọ wẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ń wá ojú ọmọ Kétu náà nínú ọkàn rẹ̀. Ó rí aṣọ ìnura rẹ̀. Ó rí báfù tí wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Ojú náà kò wá. Kò rí abẹ́ imú rẹ̀, bó ti wù kó gbìyànjú tó.

"Mummy," ni Tọ́pẹ́ ń pè láti inú ilé, "mo ti ṣan ọṣẹ ara ẹ̀ tán. Kí ló kàn?"

Ìyá náà nu ojú. "Nù ún gbẹ," ló wí. "Nù ún gbẹ dáadáa, ìyá mi, kó o wá gbé e jìnnà sí ẹnu ọ̀nà."